Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé: irú wo ni kí n yàn, kí sì ni mo lè ṣe kí ẹyin lè pa ọmọ dáadáa?

Àgbàlá_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn adìyẹ. Mo ní àyè tó gba adìyẹ mẹ́wàá lẹ́yìn ilé, mo sì fẹ́ máa sìn wọ́n fún ìgbádùn ara mi, kì í ṣe fún títà. Ohun tó wù mí jù ni kí n máa pa òròmọdìyẹ fúnra mi. Irú adìyẹ wo ló dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀? Àkùkọ mélòó ló yẹ kí n ní? Mo tún fẹ́ ra ẹ̀rọ ìsàba kékeré tó ń gba ẹyin 24. Ṣé ó sàn ju kí àgbébọ̀ sàba fúnra rẹ̀ lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi dé ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́.

ÌyáÀgbébọ̀:
Ẹ káàbọ̀ o. Kí ẹ tó náwó lé ẹ̀rọ lórí, ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín adìyẹ ìran mímọ́ àti adìyẹ àdàlù tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pa fún ẹyin yíyé. Adìyẹ àdàlù lè yé ẹyin tó tó 300 ní ọdún kan, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Oríṣiríṣi ìran ni wọ́n pa pọ̀ láti fi bí i, nígbà tí òun náà bá sì bímọ, gbogbo rẹ̀ á tún tú ká: ọ̀kan á ga, èkejì á kúrú, ẹyin wọn á dín kù. Ẹni tó fẹ́ máa pa ọmọ láti ìran dé ìran, ìran mímọ́ ni kó rà.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, Rhode Island Red, Plymouth Rock, Sussex àti Australorp ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ń yé ẹyin dáadáa, wọ́n lẹ́ran lára, ara wọn sì balẹ̀ lọ́dọ̀ èèyàn. Leghorn yé ẹyin funfun púpọ̀ kò sì jẹun púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè máa ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà sàba. Silkie ni ìdàkejì rẹ̀: ẹyin rẹ̀ kéré, kò sì pọ̀, àmọ́ kò sí ìgbà tí kò ṣe tán láti sàba. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sin Silkie méjì tàbí mẹ́ta torí kí wọ́n lè bá wọn pa ẹyin adìyẹ mìíràn. Brahma àti Cochin tóbi, wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà.

Tí ẹ bá ń ra, ẹ gbé adìyẹ náà lọ́wọ́. Ẹ fi ìka tọ egungun àyà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gún. Ojú gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, ihò imú gbọ́dọ̀ gbẹ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ká. Ẹ ṣí ìyẹ́ abẹ́ ìdí wò bóyá iná ara wà níbẹ̀: ẹyin iná máa ń dì mọ́ ìdí ìyẹ́ bí ìdì ìyẹ̀fun funfun. Adìyẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún 30 ọjọ́ kó tó dara pọ̀ mọ́ ti ilé, kódà tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá. Adìyẹ tí àìsàn èémí ti ṣe rí lè máa gbé e kiri láìfi hàn.

Ògbólógbòó_Àkùkọ:
Ìyá ti sọ ti abo, ẹ jẹ́ n sọ ti akọ. Àkùkọ kan tó fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ìran wọn bá fúyẹ́. Tí wọ́n bá jẹ́ ìran ńlá bíi Brahma, mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Nínú àyè yín, ọ̀kan ti tó. Tí abo bá kéré jù fún un, á gùn wọ́n títí ẹ̀yìn wọn á fi ṣí, ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa ya wọ́n lára. Tí ẹ bá rí abo tí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ẹ mú àkùkọ kúrò fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì gé ṣónṣó ẹ̀gún náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé àtọ̀ àkùkọ lè wà láàyè nínú abo fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà, tí ẹ bá pààrọ̀ àkùkọ, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gbà pé ti tuntun ni ọmọ inú ẹyin. Bákan náà, tí ẹ bá fi àkùkọ sáàárín abo tí kò ní akọ rí, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin jọ.

Ẹ má fi ẹwà nìkan yan àkùkọ. Èyí tó ń pe abo wá jẹun tó sì ń ṣọ́ wọn ni kí ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ń ta èèyàn nípàá, ẹ má ṣe jẹ́ kó bímọ, torí ìwà yẹn máa ń wọ inú ọmọ. Fún ìran tí ìyẹ́ ìdí wọn nípọn, bíi Cochin àti Orpington, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ìyẹ́ tó yí ìdí akọ àti abo ká. Ọ̀pọ̀ ẹyin tí kò ní ọlẹ̀ nínú àwọn ìran yìí, ìyẹ́ ló dí ọ̀nà.

Ẹ fi òrùka àwọ̀ oríṣiríṣi sí ẹsẹ̀ wọn kí ẹ lè mọ ọmọ ta ni ta ni. Bàbá àti ọmọ lè bí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsí wàhálà tó hàn, ṣùgbọ́n tó bá ń tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀, ẹyin tó ń pa á máa dín kù, òròmọdìyẹ á sì máa rọ. Ẹ máa wá àkùkọ láti agbo mìíràn ní ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ọmọ_Ọlọ́sìn:
Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè mọ akọ àti abo ní ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin, láti ara àwọ̀ nìkan?

Ògbólógbòó_Àkùkọ:
Òótọ́ ni, tí ẹ bá mú òbí tó yẹ. Ẹ fi àkùkọ Rhode Island Red sí abo Light Sussex. Ọmọ abo á jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ọmọ akọ á jáde ní àwọ̀ fífúnfún tó fẹ́ ya ìyeyè. Ìdí rẹ̀ ni pé abo kan ṣoṣo àbùdá àwọ̀ yìí ló ní, ọmọ akọ nìkan ló sì ń fún. Ọmọ abo, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti gba tirẹ̀. Tí ẹ bá yí i padà, tí ẹ fi akọ Sussex sí abo Red, kò ní ṣiṣẹ́. Funfun ni gbogbo wọn máa jẹ́.

Ọ̀nà kejì: akọ Rhode Island Red tàbí Australorp sí abo Plymouth Rock alábàwọ́n, ìyẹn èyí tí dúdú àti funfun ń tẹ̀ léra lára ìyẹ́ rẹ̀. Gbogbo òròmọdìyẹ á jáde ní dúdú, ṣùgbọ́n akọ á ní àmì funfun lórí. Iṣẹ́ yìí kì í kọjá ìran kan. Tí ẹ bá tún pa ọmọ lára àwọn ọmọ yẹn, àwọ̀ kò ní sọ akọ tàbí abo mọ́.

Tọ́ọ̀ṣì_Òru:
Kí n fi kún un: àwọn àbùdá kan wà tó ń pa ọmọ sínú ẹyin, èèyàn á sì máa bú ẹ̀rọ. Adìyẹ Japanese Bantam ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tí ẹ bá so méjì pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn máa ń kú sínú èèpo. Araucana tó ní ìdì ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, bẹ́ẹ̀ náà ni, wọ́n sì máa ń dàgbà dé nǹkan bí ọjọ́ 17 sí 19 kí wọ́n tó kú. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ọ̀kan nínú òbí jẹ́ èyí tí kò ní àbùdá náà. Adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ń ká sẹ́yìn kì í kú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá so méjì pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin á jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tó ń já wẹ́wẹ́, ara wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Ẹ so ó mọ́ èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú. Adìyẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn kò ní wàhálà kankan ní tirẹ̀, ó tilẹ̀ ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ.

Àgbàlá_Tuntun:
Ẹ ṣé o. Èyí tí mo gbọ́ yìí ti tó mi ní ẹ̀kọ́. Ní ti ẹyin gan-an ńkọ́? Ṣé gbogbo ẹyin tí wọ́n bá yé ni mo lè kó sínú ẹ̀rọ?

ÌyáÀgbébọ̀:
Rárá o. Ẹ yọ èyí tó tóbi jù, èyí tó kéré jù, èyí tó rí roboto àti èyí tí èèpo rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹyin kéékèèké tí abo ń kọ́kọ́ yé, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ dúró títí abo á fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 sí 30. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin nínú òkùnkùn: ojú èèpo tó ti là á hàn bí okùn ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irú ẹ̀ kì í wọ ẹ̀rọ.

Ẹ má fọ ẹyin. Bí abo bá ti yé e, ìbora kan wà lójú rẹ̀ tó ń dí àwọn ihò wíwẹ́ inú èèpo, omi ló ń ṣí wọn fún kòkòrò. Èyí tí ìgbẹ́ bò, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ìtẹ́ tó mọ́ ló ń yanjú ọ̀ràn yìí, kì í ṣe ọṣẹ.

Ibi ìpamọ́: ìwọ̀n ooru 13 sí 18 ní dígírì Celsius, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, orí ṣóńṣó sí ìsàlẹ̀. Fíríìjì tútù jù. Láàárín ọjọ́ méje ni kí ẹ lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tó ń pa á máa dín kù lójoojúmọ́, nígbà tó bá sì fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, díẹ̀ ló máa kù. Tí ẹ bá máa pa á mọ́ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ẹ fi igi sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan páálí rẹ̀, kí ẹ sì yí igi náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì lójoojúmọ́. Ẹyin tó ti rin ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kó jókòó fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó. Kí ó tó wọ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ móoru bíi ti yàrá. Ẹyin tútù tó bá bọ́ sínú ooru lójijì á làágùn, omi yẹn ni kòkòrò fi ń wọlé.

Ó tún ku oúnjẹ àwọn òbí. Oúnjẹ adìyẹ ẹlẹ́yin lásán ń mú ẹyin jíjẹ wá, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ nílò fítámì ju ìyẹn lọ. Tí fítámì B2 bá dín, ọlẹ̀ á kú láàárín ìsàba, tàbí kí ọmọ jáde tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oúnjẹ àwọn adìyẹ òbí ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ sì máa fi ewéko tútù kún un.

Ẹyin_Pípé:
Ó kan ẹ̀rọ. Ẹ tàn án fún wákàtí 24 kí ẹyin tó wọlé, nínú yàrá tí oòrùn kò ti ń tàn sí i lára tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ lù ú. Tó bá ní fáànù, ìwọ̀n ooru 37.5 ni. Tí kò bá ní, ooru máa ń gbá jọ sókè, nítorí náà ẹ gbé tẹmómítà sí ibi tó bá orí ẹyin dọ́gba, kó wà ní nǹkan bí 38.5. Ẹ má gba ohun tí ojú ẹ̀rọ ń sọ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ló ń fi dígírì kan ṣìnà, dígírì kan sì tó láti ba ìsàba jẹ́. Ẹ mú tẹmómítà tí a fi ń wo ibà, ẹ fi òun àti ti ẹ̀rọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan náà, kí ẹ wò bóyá wọ́n bára mu.

Ohun tó ń wọn ọ̀rinrin náà nílò àyẹ̀wò. Ẹ da iyọ̀ sínú ọmọrí ìgò, ẹ fi omi díẹ̀ kán an títí á fi rí bí iyanrìn tútù, ẹ gbé òun àti ohun ìwọ̀n náà sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ 75%. Tó bá sọ 70, ẹ mọ̀ pé márùn-ún ló fi dín.

Ẹ fi pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan àti O sí ìkejì, kí ẹ sì yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ títí di ọjọ́ 18. Ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún ni pé òru ló gùn jù, ẹ̀gbẹ́ kan náà kò sì gbọdọ̀ gba gbogbo òru. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni yíyí ṣe pàtàkì jù. Tí kò bá sí, ọlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ awọ inú ẹyin.

Tí iná bá lọ, ẹ fi aṣọ nípọn bo ẹ̀rọ, ẹ má sì ṣí i. Òtútù wákàtí díẹ̀ sábà máa ń fa ìdádúró ni. Ooru àjù ló yẹ ká bẹ̀rù: tó bá kọjá 40 fún ìgbà díẹ̀, ọlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ọ̀rinrin: 45 sí 50% fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, 65 sí 70% lẹ́yìn náà. Bí ojú omi bá ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe bí omi ṣe jìn tó.

Ọmọ_Ọlọ́sìn:
Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ 50% yẹn. Àwọn tó ń sàba láìfi omi sí i rárá títí di ọjọ́ 18 ń rí ọmọ tó pọ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ní ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, omi àfikún ń rì ọmọ sínú ẹyin.

Ẹyin_Pípé:
Ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi, torí nọ́ńbà ojú ìwọ̀n kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe kókó ni omi tó ń kúrò nínú ẹyin. Ẹyin gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan bí 12% ìwọ̀n rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 18, kí àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ lè tóbi tó fún ọmọ láti mí. Ẹ gbé gbogbo ẹyin yín sórí òṣùwọ̀n ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé. Ẹyin 60 gíráàmù gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí 56.4 ní ọjọ́ kẹsàn-án, àti 52.8 ní ọjọ́ 18. Tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín omi kù. Tó bá ti fúyẹ́ jù, ẹ fi kún un. Ẹni tó ń sàba láìfi omi sí i àti ẹni tó ń fi sí i lè dé ibì kan náà, yàrá wọn ló yàtọ̀.

Tọ́ọ̀ṣì_Òru:
Fún yíyẹ ẹyin wò: ọjọ́ keje àti ọjọ́ 14, nínú òkùnkùn biribiri. Ní ọjọ́ keje, ẹyin tó dára ní àmì dúdú kan láàárín, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì ta jáde yí i ká bí okùn aláǹtakùn. Tí ẹ bá mú sùúrù, ẹ ó rí i tó ń mira. Èyí tó mọ́ gaara kò ní ọlẹ̀. Èyí tó ní òrùka pupa kan ti kú. Ẹyin aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn lè dúró di ọjọ́ kẹwàá kó tó hàn. Tó bá ń rùn tàbí tó ń sun omi, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀bu tó bá bú gbàmù nínú ẹ̀rọ lè ba gbogbo èyí tó kù jẹ́.

Àgbàlá_Tuntun:
Ọjọ́ ìjáde ńkọ́? Ṣé kí n ran ọmọ tó bá há lọ́wọ́?

ÌyáÀgbébọ̀:
Ní ọjọ́ 18 ẹ kò yí ẹyin mọ́, ẹ mú kí ọ̀rinrin pọ̀ sí i, ẹ ti ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ fi ẹnu lu awọ tó wà láàárín òun àti àyè afẹ́fẹ́, ẹ ó máa gbọ́ igbe rẹ̀ látinú. Lẹ́yìn náà ló ń ya èèpo. Láti ihò àkọ́kọ́ sí ìgbà tó bá yí èèpo ká lè gba wákàtí 24. Nínú àkókò yìí ni ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan ń wọ ara rẹ̀, tí pupa ẹyin tó kù sì ń wọ ikùn rẹ̀. Èèyàn tó bá bó èèpo ní wákàtí kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ló máa rí. Tí ẹ bá sì ń ṣí ẹ̀rọ, ọ̀rinrin á fò jáde, awọ á gbẹ mọ́ àwọn yòókù lára, wọn ò ní lè yí mọ́.

Tó bá ti kọjá wákàtí 24 tí kò tẹ̀ síwájú, tí awọ rẹ̀ sì ti gbẹ, ẹ lè fi òwú tó rin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ awọ náà, kí ẹ ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ dúró, ẹ dá a padà. Àwọn tó ti jáde, ẹ má kánjú kó wọn. Pupa ẹyin inú ikùn wọn lè gbé wọn fún ọjọ́ méjì láìjẹun, títí ara wọn á fi gbẹ.

Tọ́ọ̀ṣì_Òru:
Lẹ́yìn ọjọ́ 23, ẹ fọ́ àwọn tí kò pa, kí ẹ wò ó. Òkú ọmọ tó ti dàgbà tán, tí omi bò ó, tí àyè afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kéré, ọ̀rinrin ló pọ̀ jù. Èyí tó ti ya ihò ṣùgbọ́n tí awọ ká mọ́ ọn lára bí ọ̀rá, ọ̀rinrin ló dín nígbà ìjáde. Tí orí ọmọ bá wà ní ìhà ṣóńṣó, ó ṣeé ṣe kí a ti gbé ẹyin náà lódì. Tí gbogbo wọn bá jáde ní ọjọ́ 19 tàbí 20 pẹ̀lú ìdodo tí kò pa dé, ooru pọ̀. Tí wọ́n bá jáde ní ọjọ́ 22 sí 23 pẹ̀lú ikùn rírọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ, ooru ló dín. Bí púpọ̀ bá kú ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ yẹ ibi ìpamọ́ ẹyin wò kí ẹ tó yẹ ẹ̀rọ wò.

Ògbólógbòó_Àkùkọ:
Wọ́n bi yín léèrè nípa kí àgbébọ̀ sàba, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àgbébọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ kékeré èyíkéyìí lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í sàba ní ìgbà tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: kò ní dìde lórí ìtẹ́, á máa wú ìyẹ́ rẹ̀, á sì máa ké kurukuru tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ìyẹ́ àyà rẹ̀ á já. Ẹ fi ẹyin ayédèrú sábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí kò bá fi í sílẹ̀, ní alẹ́ ẹ gbé e lọ sí ibi tó dá, tó sì ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ fi ẹyin gidi 10 sí 12 sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sàmì sí i lára, kí ẹ lè yọ èyí tí abo mìíràn bá wá yé kún un. Ẹ ti pa iná ara rẹ̀ ṣáájú, torí iná á pọ̀ sí i lára abo tó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á máa dìde lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láti jẹ, láti mu, láti yàgbẹ́. Ẹ má dààmú pé ẹyin ń tutù. Tí ẹ bá ní òròmọdìyẹ inú ẹ̀rọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lè ki wọ́n bọ abẹ́ rẹ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dúró níbẹ̀, torí abo mìíràn á ṣá wọn.

Àgbàlá_Tuntun:
Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ló kù: tí ẹ̀rọ bá pa wọ́n tí kò sí ìyá, kí ni wọ́n nílò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

ÌyáÀgbébọ̀:
Ìwọ̀n ooru 35 lábẹ́ iná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi nǹkan bí dígírì mẹ́ta dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi bò wọ́n. Ìṣe wọn sọ ju tẹmómítà lọ: tí wọ́n bá gbá jọ sábẹ́ iná tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn, tí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru pọ̀. Ẹ má tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á máa yọ̀, á sì là sí ọ̀tún àti òsì. Èérún igi ni kí ẹ lò. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là, ẹ fi báńdéèjì so méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó dúró dáadáa, kí ẹ tú u lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ẹ rì ẹnu wọn sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo kí wọ́n má baà rì. Oúnjẹ òròmọdìyẹ tó ní purotéènì 18 sí 20% ni. Ẹ má fún wọn ní ti ẹlẹ́yin: kálísíọ́mù inú rẹ̀ ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ẹ máa yẹ ìdí wọn wò lójoojúmọ́. Tí ìgbẹ́ bá lẹ̀ pa á, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ ọ́ kúrò, ẹ má fà á. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ ṣọ́ ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbèrú nínú ilẹ̀ tútù ló ń fa àìsàn yẹn, amprolium inú omi ni oògùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Marek (àìsàn tó ń mú kí ẹsẹ̀ àti apá adìyẹ rọ), ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ń gún un, nítorí náà ẹ wá a sílẹ̀ kí ẹyin tó wọ ẹ̀rọ.